Bí A Ṣe Ń Ka Búùsìtì Súpáṣájà Lára Benz Kompressor

Ìbéèrè tí àwọn tó ní Benz Kompressor máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọ̀gá, búùsìtì mélòó ló yẹ kí mọ́tò mi máa gbé?" Súpáṣájà, tí Benz ń pè ní Kompressor, ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì; búùsìtì ni pírẹ́ṣọ̀ tó ń tibẹ̀ wá. Wọ́n á ti rí nọ́ḿbà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní psi 7 (psi jẹ́ òṣùwọ̀n pírẹ́ṣọ̀), ẹlòmíràn ní 12, wọ́n á sì fẹ́ kí tiwọn náà dé ibẹ̀. Mi ò kì í sáré fún wọn ní nọ́ḿbà. Mo máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí nọ́ḿbà náà ti ń wá, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó bá rí i pé ó kéré, yóò lọ ra súpáṣájà tí kò nílò. Bó bá sì rí i pé ó pọ̀, yóò máa dunnú nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jìyà. Pírẹ́ṣọ̀ tí gééjì ń kà jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ẹ́ńjìnnì ò tíì rí gbé mì. Èyí tó ti gbé mì, tó ń sọ di agbára, gééjì yẹn ò rí i. Gbogbo àlàyé mi yòókù dá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Benz ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn, irú C-Class tí wọ́n ń pè ní W203 ló sì pọ̀ jù nínú tókúnbọ̀ tó ń wọlé wá bá mi: C180, C200 àti C230, tí wọ́n kọ Kompressor sí lẹ́yìn bútù. Láti ọdún 2002 ni ẹ́ńjìnnì M271 ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú wọn, lítà 1.8, sìlíńdà mẹ́rin. Lítà kan náà ni fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ agbára ẹṣin C180 jẹ́ 143, ti C200 jẹ́ 163, ti C230 sì jẹ́ 192. Bí wọ́n ṣe ń fún un ní afẹ́fẹ́ àti bí bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ṣe ń darí rẹ̀ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀. Nítorí náà, nọ́ḿbà tí ọ̀rẹ́ yín tó ní C230 bá sọ, ẹ má gbé e lé C180 lórí.

Ẹ tún lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín dáadáa. Bó bá jẹ́ C200 CGI ti W204, ìyẹn C-Class tó tẹ̀lé W203, tọ́bò ló wà nínú rẹ̀. Èéfín tó ń jáde lọ sí sáléńsà ló ń yí tọ́bò. Bẹ́líìtì láti ara kiránkì, irin tí àwọn písítìnì ń yí, ló ń yí súpáṣájà. Kíka pírẹ́ṣọ̀ wọn jọra, àmọ́ àìsàn wọn yàtọ̀, ti súpáṣájà ni mò ń sọ níbí.

Afẹ́fẹ́ ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa títí dé sánmà wúwo, ó sì ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ láìdákẹ́. Ní etí òkun, bíi ti Èkó, títẹ̀ náà tó nǹkan bí kPa 101, èyí tó jẹ́ psi 14.7. Bárì kan jẹ́ kPa 100, ó sì jẹ́ psi 14.5. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, gééjì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì ò ní da orí yín rú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka pírẹ́ṣọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Gééjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fi afẹ́fẹ́ ìta ṣe òdo. Bó bá ka 7, psi 7 lórí ti ìta ni. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára mánífóòlù, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àwọn sìlíńdà, ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ rárá. Bí ẹ bá wá so sikáànù, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì ń rí, mọ́ ọkọ̀, tí ẹ rí 150, ẹ má pariwo pé búùsìtì ti di 150. Ẹ yọ ti ìta kúrò: 150 dín 101, ó ku 49. kPa 49 sì ni psi 7. Ohun kan náà ni gééjì àti sikáànù ń sọ, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ló yàtọ̀.

Ti ìta yẹn ò dúró sójú kan. Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí etí òkun, afẹ́fẹ́ ìta ibẹ̀ ò sì ju bíi kPa 88 lọ. Súpáṣájà kì í bu iye kan pàtó lé afẹ́fẹ́ tó fà. Ìlọ́po ló ń sọ ọ́ dì. Ká ní ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5. Ní Èkó, 101 á di 152, gééjì á ka 51, ìyẹn psi 7.4. Ní Jos, 88 á di 132, gééjì á ka 44, ìyẹn psi 6.4. Psi kan ti lọ, kò sì sí nǹkan kan tó bàjẹ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n tú súpáṣájà rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nítorí psi kan yìí. Wọ́n tú u, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n dà á padà, epo gáskẹ́ẹ̀tì ń jò di òní.

Ibi tí búùsìtì ti ń wá

Súpáṣájà Eaton tó wà lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Roots. Philander àti Francis Roots, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1860. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fún ilé iṣẹ́ ni nígbà náà. Ọkọ̀ ò tíì sí nínú ọ̀rọ̀. Ní 1921 ni Mercedes gbé ọkọ̀ onísúpáṣájà lọ sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Berlin. Láyé ìgbà yẹn, àfi kí awakọ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá kí súpáṣájà tó wọṣẹ́. Wọ́n pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wá pẹ̀lú C230 Kompressor ní 1995.

Bí ẹ bá ṣí i, ẹ óò rí irin gígùn méjì tí wọ́n lọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní abẹ mẹ́ta, tí wọ́n wọ àárín ara wọn láìfarakanra. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré débi pé èékánná ò lè wọ̀ ọ́. Jíà méjì tó wà níwájú, tí wọ́n jókòó sínú òróró tiwọn, ló ń mú kí wọ́n máa yí pọ̀ láìgbá ara wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa: wọ́n ń bu afẹ́fẹ́ lápá kan, wọ́n ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń dà á sílẹ̀ lápá kejì. Kò síbi tí wọ́n ti fún un. Gbígbé ni iṣẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n dà á sí ni pírẹ́ṣọ̀ ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nọ́ḿbà tí Eaton fi ń pe súpáṣájà rẹ̀ ń sọ iye íǹṣì kúbíìkì afẹ́fẹ́ tó ń gbé ní yíyí kan. M62 tó wà lára SLK230, Benz mìíràn tó ní Kompressor, ń gbé 62, èyí tó jẹ́ lítà 1.02. Ẹ́ńjìnnì SLK yẹn jẹ́ lítà 2.3, àmọ́ kiránkì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo sìlíńdà tó mu tán, nítorí náà lítà 1.15 ló ń mu ní yíyí kan. Ká wá ní púlì kiránkì fi tóbi ju ti súpáṣájà lọ débi pé kiránkì á yí lẹ́ẹ̀kan, súpáṣájà á yí nígbà 1.7. Àpẹẹrẹ ni 1.7 yìí o, kí ìṣirò lè rọrùn. 1.7 lọ́nà 1.02 jẹ́ 1.73. Lítà 1.73 ń dé, àyè lítà 1.15 ló wà. Ìyókù ò ríbi lọ; á há, á máa fún ara rẹ̀ pọ̀ nínú mánífóòlù títí yóò fi ki tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì á lè máa gbé e mì bó ṣe ń dé. 1.73 pín sí ọ̀nà 1.15 jẹ́ 1.5. Ìlọ́po 1.5 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ Èkó àti Jos lókè nìyẹn. Lórí ọkọ̀ gan-an, díẹ̀ á gba àárín abẹ wọ̀nyẹn sá padà, ooru náà á sì dá sí i, nítorí náà ohun tí ẹ máa rí á yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìwé.

Ẹ ronú sí àrọ tí wọ́n fi ń da epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ bá ń dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, epo ò ní dúró nínú àrọ. Bí ẹ bá ń dà á yára ju bí ẹnu kẹ́ẹ̀gì ṣe ń gbà á lọ, epo á gòkè nínú àrọ. Gíga epo inú àrọ yẹn ni búùsìtì. Ó lè ga nítorí pé ẹ yára dà á, ó sì lè ga nítorí pé nǹkan dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá ń wo inú àrọ nìkan ò lè mọ èwo ni.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá la sáléńsà ọkọ̀ rẹ̀, tàbí tó tún orí sìlíńdà ṣe kó lè máa mí dáadáa, fi máa ń rí i pé búùsìtì wálẹ̀ nígbà tí agbára ọkọ̀ gòkè. Ẹ má bẹ̀rù nígbà tí ẹ bá rí irú rẹ̀.

Ooru ń jẹ nínú rẹ̀

Ìlọ́po 1.5 ní pírẹ́ṣọ̀ kì í ṣe ìlọ́po 1.5 ní afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún máa ń gbóná, èyí tó gbóná sì máa ń fẹ̀. Súpáṣájà Roots kì í ṣe ẹ̀rọ tó mọ ooru dín kù. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo sábà máa ń fi ṣírò iṣẹ́ rẹ̀, ìyókù ń di ooru. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé ní Celsius 30, tó sì jáde ní ìlọ́po 1.5, ooru rẹ̀ á ti tó nǹkan bí 90. Ní ooru yẹn, afẹ́fẹ́ tó wọ sìlíńdà gan-an á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti ẹ́ńjìnnì tí kò ní súpáṣájà lọ. Ẹ ti sanwó ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ rí gbà.

Íntákúlà, tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ló ń gba ìyókù padà. Bó bá mú ooru yẹn wálẹ̀ sí 50, pẹ̀lú pírẹ́ṣọ̀ kan náà, àfikún afẹ́fẹ́ á di ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Gééjì ò ní mì, síbẹ̀ ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òmíràn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé bí ọkọ̀ onísúpáṣájà bá wọlé, kí wọ́n kọ́kọ́ tan iná sí àárín íntákúlà àti rédíétọ̀ kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun mìíràn. Ẹrẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ, ọ̀rá píọ̀wọ́tà, gbogbo rẹ̀ ni mo ti yọ níbẹ̀. Íntákúlà tó dí níta ò ní gbé kóòdù kankan jáde, gééjì á máa ka psi tó ń kà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ á kàn máa sọ pé ọkọ̀ òun ń rẹ̀ bó bá di ọ̀sán.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Sikáànù tó mọ Benz dáadáa ló yá jù, torí ó ń fi pírẹ́ṣọ̀ mánífóòlù, sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ooru afẹ́fẹ́ àti iná pọ́lọ́ọ̀gì hàn pa pọ̀. Gééjì nìkan náà ṣeé lò. Bí ẹ bá fẹ́ so gééjì, ẹ mú un láti ara mánífóòlù, lẹ́yìn tírótù (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó ń ṣí bí ẹ bá tẹ tọ́tù), kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì fi kílíìpù sí ẹnu hóòsì kékeré yẹn méjèèjì, torí búùsìtì máa ń ti hóòsì tí wọn ò dì jáde.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì ò yí, nítorí náà afẹ́fẹ́ ìta ló wà nínú mánífóòlù. Ní Èkó, ó yẹ kó ka nǹkan bí 101. Níbí ní Ìbàdàn, èyí tó ń jáde fún mi máa ń wà ní 98 tàbí 99. Bó bá ka 85 tàbí 115, sẹ́ńsọ̀ ń purọ́, ẹ má tíì gba nọ́ḿbà kankan gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ò gba ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì máa ń fò ó.

Ẹ wá sítáàtì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa AC. Láìtẹ tọ́tù, mánífóòlù sábà máa ń wà láàárín kPa 30 sí 40. Bẹ́líìtì ń yí súpáṣájà M271 nígbà gbogbo, kò ní kílọ́ọ̀ṣì bíi ti SLK àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ tí bréènì bọ́ọ̀sì ń ṣí, kí afẹ́fẹ́ máa yí po padà sẹ́nu súpáṣájà nígbà tí a ò bá nílò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró tó ń ka 50 tàbí 60, ó ṣeé ṣe kí ó máa fa afẹ́fẹ́ láti ibi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e jáde. Ẹni méjì ni o: ẹni tó ń wakọ̀ á kọjú sọ́nà, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ka sikáànù. Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́, tó dá, ẹ fi jíà sí kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi rpm 2,000 (rpm ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí dé 5,000, ẹ sì jẹ́ kí sikáànù gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mò ń wò níbẹ̀ ni bí pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń rìn. Súpáṣájà tó yá máa ń gbé búùsìtì dé kíá, kì í sì í sáré já bọ́. Bó bá gòkè dáadáa, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ bí rpm ṣe ń pọ̀, ẹ fura sí bẹ́líìtì tó ń yọ̀ tàbí fíltà afẹ́fẹ́ tó dí. Bó bá kéré látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ fura sí jíjò tàbí ilẹ̀kùn tí kò pa dé.

Kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ọjọ́, ìlú, ti ìta, ti ìdúró, ti rpm 3,000, 4,000 àti 5,000, pẹ̀lú MAF tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nọ́ḿbà tó wúlò jù fún ọkọ̀ yín ni èyí tí ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ gbé jáde nígbà tí ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn sáfísì ni mo máa ń gba ti oníbàárà mi sílẹ̀. Ìwé yẹn ló sì gbà mí lọ́jọ́ tí Alhaja kan gbé C200 ọdún 2001 rẹ̀ wá, lítà 2.0 tó ṣáájú M271.

"Ọmọ mi, mọ́tò yìí ò gun òkè mọ́ o. Bí mo bá ti ń gun Mọ́kọ́lá, Máíkírà ń yà mí sílẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹnì kan ti wò ó?"

"Wọ́n ti wò ó. Wọ́n ní súpáṣájà ló kú. Wọ́n ti bá mi dúnàá-dúrà òmíràn sílẹ̀ pàápàá."

Mo bẹ Alhaja pé kí wọ́n fún mi láàyè kí n wọ̀n ọ́n ná. Ìwé wọn àtijọ́ sọ pé ní rpm 3,500, mánífóòlù ń ka 150. Lọ́jọ́ náà, ó ka 163. Súpáṣájà tó kú kì í gbé búùsìtì ju tàtijọ́ lọ. Mo wá wo MAF: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti dín tó ìdá kan nínú márùn-ún. Pírẹ́ṣọ̀ gòkè, afẹ́fẹ́ wálẹ̀. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ló dí.

Ibi tó lè dí tó bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Mo tú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà ṣáájú kátálíìsì, apá ọ̀nà èéfín tó ń fọ èéfín mọ́, mo de gééjì mọ́ ojú ihò rẹ̀, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé rpm dé 2,500. Níbi tí sáléńsà bá ti là, kò yẹ kó kọjá psi 3. Ó ń ka 6, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n. Nígbà tí a já kátálíìsì sílẹ̀, tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ihò wẹ́wẹ́ tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá ti yọ́ pọ̀, apá kan rẹ̀ ti wó jọ sẹ́nu ọ̀nà.

A fi òmíràn sí i. Àwọn kan ì bá fi irin gún inú rẹ̀ kí wọ́n dà á padà lófìfo. Mi ò fara mọ́ ọn, torí sẹ́ńsọ̀ kejì á máa tan iná ẹ́ńjìnnì, èéfín tí kò dáa á sì máa wọ inú ọkọ̀ àti imú àwọn tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí a ṣe é tán, Alhaja jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo gbé e jáde. Wọ́n tẹjú mọ́ sikáànù.

"Ó ti wálẹ̀ sí 151. Ṣé kò ti burú sí i báyìí?"

"Ẹ wo òkè tí à ń gùn, mà."

Bí búùsìtì bá kéré lóòótọ́

Kóòdù tí sikáànù sábà máa gbé jáde ni P0299, ìyẹn ni pé búùsìtì ò tó iye tí bréènì bọ́ọ̀sì ń retí. Kóòdù yẹn ò sọ pé súpáṣájà kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ta súpáṣájà Ládípò fún yín kí ẹ tó wo àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Fíltà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Pírẹ́ṣọ̀ tó bá sọnù ní ẹnu súpáṣájà á di ìlọ́po ní ìdí rẹ̀. Bí fíltà tó dí bá jẹ kPa 5 lẹ́nu ọ̀nà, 7.5 lẹ máa wá lẹ́yìn, ní ìlọ́po 1.5. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bẹ́líìtì: ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń dán, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn púlì bóyá òróró ń kán sí i, ẹ wo tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa bẹ́líìtì le bóyá ó ń jó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí.

Jíjò ló wọ́pọ̀ jù. Láti súpáṣájà lọ sí íntákúlà, láti íntákúlà lọ sí tírótù, hóòsì rọ́bà ni, kílíìpù ló sì dì í mú. Níbi tó bá ti ń jò, afẹ́fẹ́ tó ń jáde máa ń gbé òróró díẹ̀ dání, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ má tíì fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó máa ń ní kí fọ̀ọ́mù kọ́kọ́ wẹ ẹ́ńjìnnì ti wẹ ẹlẹ́rìí dànù. Bí ojú ò bá rí i, ẹ dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fókanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú régúlétọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá psi 5, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé hóòsì. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Ẹ má fi régúlétọ̀ sílẹ̀ o, afẹ́fẹ́ táyà tààrà á já hóòsì dànù, ó sì lè ba ojú ẹni jẹ́.

Lára M271, àwọn hóòsì kan wà tí wọ́n fi ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sínú mánífóòlù, ibi tí súpáṣájà bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Ooru ń jẹ wọ́n, wọ́n á sì là. Bí P0171, kóòdù tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, bá jáde pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní ìdúró, tí mánífóòlù sì ń ka ju bó ṣe yẹ lọ láìtẹ tọ́tù, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọrí sí. Rọ́bà ni wọ́n, owó wọn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti súpáṣájà. Ohun tó le níbẹ̀ ni ọwọ́ tó máa dé ibẹ̀.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá yá, ẹ fi sikáànù pàṣẹ fún ilẹ̀kùn inú súpáṣájà kó ṣí, kó pa, kí ẹ máa gbọ́ ọ. Ìdọ̀tí dúdú máa ń dì mọ́ ọn tí kò fi ní pa dé. Ẹ̀yìn èyí ni súpáṣájà gan-an tó kàn: ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ fọwọ́ yí púlì rẹ̀. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, láìgbọ̀n, láìha. Bó bá ń dún gbarara níwájú, bíárìnì tàbí jíà iwájú ni, wọ́n sì ń ta bíárìnì yẹn lọ́tọ̀. Bí abẹ inú rẹ̀ bá ti ha ògiri, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá òmíràn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kún un

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń béèrè púlì kékeré. Púlì súpáṣájà tó bá kéré sí i, súpáṣájà á yí yára sí i. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò wa: ẹ sọ 1.7 di 1.89, ìyẹn púlì tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kéré. Ìlọ́po á kúrò ní 1.5 bọ́ sí nǹkan bí 1.67, gééjì á kúrò ní psi 7.4 bọ́ sí bíi 9.8. Ojú gééjì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ooru tó wà ní 90 á gòkè tó 110, tí a bá sì fi íntákúlà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wọ sìlíńdà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún péré lé sí i. Súpáṣájà pẹ̀lú ń gba agbára tirẹ̀ lọ́wọ́ kiránkì kó tó lè yí yára bẹ́ẹ̀. Lórí M271, bréènì bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò tún kọ tún lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn kó dá àlékún náà padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi kún agbára ọkọ̀ yín, ẹ fọ íntákúlà, ẹ wo kátálíìsì, ẹ pààrọ̀ hóòsì tó ti rọ̀, ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun tó bá ìwé ọkọ̀ mu sí i. Mo ti rí C200 tó gba agbára rẹ̀ padà pátápátá lọ́nà yìí láìfọwọ́ kan púlì.

Epo ni wàhálà tó kàn. Fún epo Super tí òkténì rẹ̀ jẹ́ 95 ni àwọn ará Jámánì ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Pẹ̀lú epo tí kò tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ti fún á mú kí epo gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pọ́lọ́ọ̀gì tó parí iṣẹ́, ẹ óò máa gbọ́ ìró kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù lórí òkè. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń gbọ́ ọ, bréènì bọ́ọ̀sì á sì fa iná pọ́lọ́ọ̀gì sẹ́yìn láti gba písítìnì là. Agbára tí ẹ fi púlì rà á ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti pinnu láti yí púlì síbẹ̀síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún bréènì bọ́ọ̀sì kọ fún un, kí ẹ wọn pírẹ́ṣọ̀, MAF àti ooru afẹ́fẹ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, lọ́nà kan náà, ní àkókò kan náà lójúmọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á díẹ̀, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi gíláàsì wo ara tánganran funfun rẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Bó bá ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ó dáa. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó ń dán tàbí tó dúdú lára rẹ̀, ara písítìnì ló ti ń bọ́: ẹ dá púlì àtijọ́ padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà lọ síbikíbi.